A KÌ Í FÁRÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ: ÀGBÉYẸ̀WÒ IPÒ OBÌNRIN AṢẸ́WÓ NÍNÚ ÀJỌṢE ÌJỌBA ÀTI ÀWỌN ÀJỌ ALÁÀÁNÚ LÓRÍ ÌLERA ÌBÁLÒPỌ̀

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó ti wáyé lórí bí ìjọba àti àwọn àjọ aláàánú ṣe ń pawọ́ pọ̀ gbógun ti àwọn àrùn tí ìbálòpọ̀ ń fà. Púpọ̀ nínú wọn ń ka iye oògùn, iye rọ́bà ìdáàbòbò àti iye owó tí a ná. Díẹ̀ ni ó tú ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe iṣẹ́ náà palẹ̀. Iṣẹ́ yìí lo tíọ́rì ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ láti yẹ ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tí ń ṣòwò nàbì wò, láti orí ìtàn Sẹ̀gilọlá (1929 sí 1930), dé orí òfin ìjọba amúnisìn ní Èkó, títí dé orí ètò ìgbógun ti kòkòrò HIV lóde òní. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí obìnrin náà ti jẹ́ asọ̀rọ̀ ni àjọṣe náà ti so èso, ibi tí ó ti jẹ́ àríkọ́gbọ́n lásán ni ó ti kùnà. Tẹ̀dé ní Òkè-Ògùn ni iṣẹ́ yìí fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí pé ní ìlú kékeré ni agbára ọ̀rọ̀ ti ń hàn jù.

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ohun tí òwe yìí ń sọ ju ọ̀rọ̀ abẹ àti irun lọ. Ó ń sọ pé bí ó ti wù kí abẹ mú tó, bí ó sì ti wù kí onígbàjámọ̀ mọ iṣẹ́ tó, iṣẹ́ náà kò lè ṣe é ṣe bí ẹni tí ó ni orí kò bá jókòó. Bí a bá fi òwe yìí wo àjọṣe tí ó wà láàárín ìjọba àti àwọn àjọ aláàánú lórí ọ̀rọ̀ ìlera ìbálòpọ̀, ìbéèrè kan yóò jáde: ta ni olórí, ṣé ó sì wà níjòókòó?

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ìlera kan lámèyítọ́ lítíréṣọ̀. Ìdáhùn ni pé ìpolongo ìlera pẹ̀lú jẹ́ ìtàn. Ó ní asọ̀tàn, ó ní ẹ̀dá ìtàn, ó ní ibùdó ìtàn, ó sì ní àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Asọ̀tàn inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ oníṣègùn tàbí òṣìṣẹ́ àjọ. Ẹ̀dá ìtàn tí a ń tọ́ka sí jù ni obìnrin aṣẹ́wó. Tíọ́rì ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ kọ́ wa pé iṣẹ́ ọnà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run, àwùjọ ni ó bí i, òun náà sì ń padà tún àwùjọ ṣe tàbí kí ó bà á jẹ́. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́ nípa ìtàn àròsọ, a jẹ́ pé ó jẹ́ òótọ́ nípa ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń lò.

Orúkọ àti ohun tí orúkọ ń ṣe

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni aṣẹ́wó. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí *a-*, *ṣẹ́* àti *owó*. Ẹni tí ó ń ṣẹ́ owó ni ẹni tí ó ń sọ odidi owó di wẹ́wẹ́. Nínú ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí àrùn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀. Owó nìkan ni ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìlò ti sọ ọ́ di èébú tí a lè fi bú obìnrin tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Panṣágà yàtọ̀ sí i. Bíbélì Yorùbá lo ọ̀rọ̀ yìí nínú Òfin Mẹ́wàá, kò sì kàn án bóyá a san owó tàbí a kò san. Bákan náà ni àgbèrè, tí ó jẹ́ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kí ó tó jẹ́ orúkọ ìwà. Ọ̀dọ́kọ ń sọ ti obìnrin tí ń sá tọ ọkùnrin kiri. Kárùwà wọ èdè wa láti inú èdè Haúsá. Abner Cohen ya orí ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ fún ipò irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní Sábó Ìbàdàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1969. Òwò nàbì ní tirẹ̀ ni àdàpè tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá fẹ́ràn.

Ohun kan yẹ fún àkíyèsí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Obìnrin ni wọ́n ń tọ́ka sí jù. Ọkùnrin tí ó mú owó wá kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú èdè wa ju kọ́sítọ́mà lọ, orúkọ kan náà tí ẹlẹ́lùbọ́ ń pe ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní orúkọ kò ṣe é bá wí, kò sì ṣe é pè wá fún àyẹ̀wò. Nípa bẹ́ẹ̀, èdè ti pín ẹrù náà kí ìjọba tàbí àjọ kankan tó dé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ta ko èrò yìí. Yóò ní àdàpè olè ni ọmọ ń fẹ́wọ́, pé bí a tilẹ̀ pe aṣẹ́wó ní orúkọ tí ó dùn bí oyin, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò sì sọ pé kí a máa wá orúkọ dídùn. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó wúlò lórí pẹpẹ ìwàásù lè má wúlò nínú yàrá àyẹ̀wò. Oníwàásù fẹ́ kí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ yí padà. Nọ́ọ̀sì fẹ́ kí ó padà wá. Bí nọ́ọ̀sì bá yá ọ̀rọ̀ oníwàásù lò, ẹni tí ó yẹ kí ó padà wá kò ní padà wá mọ́.

Sẹ̀gilọlá: ohùn obìnrin, kálàmù ọkùnrin

Láàárín oṣù Keje 1929 àti oṣù Kẹta 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń gbé ìtàn kan jáde ní ìpín-ìpín. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé lẹ́tà ni obìnrin kan ń kọ sí olóòtú. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ. Ó ti fìgbà kan jẹ́ arẹwà tí àwọn ọkùnrin Èkó ń sáré tẹ̀ lé. Nígbà tí ó ń kọ lẹ́tà, ó ti di aláìsàn àti òtòṣì, ó sì ń fi ìgbé ayé ara rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ní 1930 ni ìtàn náà di ìwé. Àwọn onímọ̀ kan, tí Karin Barber wà lára wọn, kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí Thomas lò lágbára. "Èmi" ni asọ̀tàn ń wí jálẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Bákan náà, kì í ṣe ẹkún nìkan ni ó wà nínú ìtàn náà. Nígbà mìíràn, adùn tí Sẹ̀gilọlá ń rí nínú ìrántí ọjọ́ ewe rẹ̀ máa ń borí ìrònúpìwàdà tí ó ní òun ń ṣe, ibẹ̀ sì ni ìtàn náà ti wà láàyè jù.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni kálàmù wà? Ọwọ́ olóòtú ni. Obìnrin náà kò lè sọ ohun tí olóòtú kò fẹ́ kí ó sọ. Kò béèrè dókítà, kò béèrè oògùn, kò sì béèrè pé kí a mú àwọn ọkùnrin náà wá sọ ti ẹnu wọn. Iṣẹ́ tí a rán an ni kí ó jìyà níwájú gbogbo ayé, kí ayé fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ó ṣe pàtàkì láti dúró díẹ̀ lórí àhunpọ̀ ìtàn yìí: ẹwà, ìgbádùn, àìsàn, ẹkún, ìkìlọ̀. Àhunpọ̀ yìí kò parí sí 1930. Òun ni ọ̀pọ̀ eré orí rédíò àti fíìmù lórí éèdì jogún ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, tí obìnrin yóò fi rù hangogo, tí yóò sì kú kí ìtàn tó parí.

Èkó ní àwọn ọdún 1940

Ìgbà tí ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kọ́kọ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba jẹ́ ìgbà amúnisìn. Láti àwọn ọdún 1920 ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó, èyí tí Charlotte Olajumoke Obasa ṣe aṣíwájú rẹ̀, ti ń rọ ìjọba pé kí ó gba obìnrin sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n lè máa mójú tó àwọn ọmọbìnrin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ọmọ ogun pọ̀ ní Èkó, tí àtọ̀sí sì ń bá wọn jà, ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba pátápátá. A dá ọ́fíìsì ìtọ́jú ará ìlú sílẹ̀, Donald Faulkner sì ni ó darí rẹ̀. Ní 1943 ni a ṣe òfin tí ó kan àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Nígbà tí ó fi máa di 1946, ìlànà ti wà tí ó dá ọmọbìnrin tí kò tó ọdún 14 lẹ́kun kíkiri ọjà ní Èkó. Èrò wọn ni pé ibi ìkiri ni ọmọ ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń fi ọmọ ṣòwò nàbì.

Kò sí iyèméjì pé àwọn ọmọbìnrin kan wà nínú ewu nígbà náà, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé wọ̀nyẹn sì ní àánú lójú. Síbẹ̀, àwọn ìyálọ́jà ta ko ìlànà náà. Lójú tiwọn, ìkiri ni ilé-ẹ̀kọ́ òwò, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ìṣirò, ìdúnàádúrà àti sùúrù. Ìjọba sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ aláàánú sọ̀rọ̀, ìyálọ́jà náà sì sọ tirẹ̀. Ọmọ tí ó ru igbá, àti obìnrin tí ó wà nínú ilé aṣẹ́wó, ni a kò gbọ́ ohùn wọn nígbà tí a ń ṣe ìlànà. Lọ́nà yìí, àjọṣe náà fara jọ ìtàn Thomas: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni a fi ṣe kókó ọ̀rọ̀, a kò fi ṣe alábàárò.

Láti kògbóògùn dé oògùn

Ní 1986 ni ìjọba Nàìjíríà fi tó ayé létí pé éèdì ti dé orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà. Nínú àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún àwọn aboyún tí ó wá sí ilé ìwòsàn, ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni a bá kòkòrò HIV lára wọn ní 1991. Nígbà tí ó di 2001, iye náà ti di 5.8.

Láàárín àkókò yìí ni orúkọ kan gbilẹ̀ ní èdè Yorùbá: àrùn kògbóògùn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, orúkọ náà dára. Ó kúrú, ó yé tọmọdé tàgbà, ó sì ń dẹ́rù bani. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò jìnnà. Ní 2002, ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn tí ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò fún 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé. ₦1,000 ni aláìsàn ń san lóṣù. Ní 2006 ni ó di ọ̀fẹ́. Lóòótọ́, kò sí oògùn tí ó ń pa kòkòrò náà run pátápátá nínú ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣì ń pè é ní kògbóògùn lónìí ń sọ fún aláìsàn pé kí ó má wulẹ̀ wá. Orúkọ tí ó kìlọ̀ fún wa ní 1990 ti di ìdènà ní ojú ọ̀nà ilé oògùn.

Ọ̀ràn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì pẹ̀lú yẹ fún àkíyèsí. Nígbà tí olórin náà kú ní oṣù Kẹjọ 1997, Olikoye Ransome-Kuti, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jáde sí gbangba, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé éèdì ni ó fa ikú náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ bọ́ sí ipò tí Sẹ̀gilọlá wà. Kò sí ẹkún ìrònúpìwàdà nínú ọ̀rọ̀ oníṣègùn náà, òótọ́ ni ó sọ. Lójú lámèyítọ́, gbólóhùn náà ni ó kọ́kọ́ já àhunpọ̀ ìtàn àtijọ́.

Nígbà tí olórí jókòó

Láti ọdún 2000 ni ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí NACA ti wà, tí ó sì di àjọ olófin ní 2007. Ìpele mẹ́ta ni ètò rẹ̀: NACA ní ìjọba àpapọ̀, SACA ní ìpínlẹ̀, LACA ní ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn àjọ aláàánú ti ń ṣiṣẹ́. Society for Family Health jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Nínú ètò kan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náwó sí láti 2002, àjọ yìí lo ìlànà ẹgbẹ́-kọ́-ẹgbẹ́: a yan àwọn obìnrin láti inú ilé aṣẹ́wó fúnra wọn, a kọ́ wọn, àwọn náà sì ń kọ́ ẹgbẹ́ wọn nípa rọ́bà, àyẹ̀wò àti bí a ṣe ń kọ̀ fún kọ́sítọ́mà tí kò fẹ́ lo rọ́bà.

Ohun tí ìlànà yìí mú wá yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá ni pé "èmi" inú ìtàn padà sẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Obìnrin tí ó mọ bí a ṣe ń bá ọ̀mùtí dúnàádúrà lóru mọ ohun tí oníṣègùn kò lè mọ̀. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ṣe ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a yàn fi hàn pé láàárín àwọn obìnrin tí ń gbé ilé aṣẹ́wó, ìdá 37.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní kòkòrò HIV ní 2007. Ní 2010 ó di 27.4, ní 2014 ó di 19.4. Fún àwọn tí kì í gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, iye náà lọ láti 30.2 sí 21.7, ó sì di 8.6. Kò ní bọ́gbọ́n mu kí a gbé gbogbo ọpẹ́ fún ìlànà kan ṣoṣo. Oògùn ti wà, àwọn tí a yẹ̀ wò kò sì jẹ́ ẹnì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ti èrò náà lẹ́yìn. Ní Kùtọnu, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn oníṣègùn Kánádà bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 1993, àrùn ìbálòpọ̀ sì dín kù láàárín àwọn obìnrin náà. Ní Kòlkátà ní Íńdíà, ètò tí Smarajit Jana bẹ̀rẹ̀ ní Sonagachi ní 1992 di ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin fúnra wọn ń darí láti 1995.

Ibi tí àjọṣe náà ti ń ya ni ibi tí agbowó-kalẹ̀ ti ń fi àṣẹ lé ọ̀rọ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2003 láti fi owó ìgbógun ti éèdì sílẹ̀ béèrè pé kí àjọ tí yóò gba owó kọ́kọ́ kéde ní kíkọ pé òun lòdì sí òwò nàbì. Ní 2005, Brazil kọ owó tí ó tó $40 mílíọ̀nù nítorí èyí. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé e fún àwọn àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2013, ṣùgbọ́n ní 2020 ó dájọ́ pé ààbò náà kò kan àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè. Kí ni àjọ kan ní Nàìjíríà yóò wí fún obìnrin tí ó ń kọ́, bí ó bá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kórìíra iṣẹ́ rẹ̀? Ó lè ṣàlàyé pé iṣẹ́ náà ni òun lòdì sí, pé òun kò lòdì sí obìnrin náà. Ìyàtọ̀ yìí wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ní etí ẹni tí a ti bú tẹ́lẹ̀, ó ṣòroó gbọ́.

Ìjọba tiwa náà ní ẹnu méjì. Ní oṣù Kẹrin 2019, bí a ti ń fi ọwọ́ kan pín rọ́bà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àbújá ń fi ọwọ́ kejì kó àwọn obìnrin ní àwọn ilé ìgbafẹ́ òru. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dá obìnrin 16 láre nínú ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ irú ìkónilẹ́rù bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí rọ́bà inú àpò rẹ̀ lè di ẹ̀rí níwájú ọlọ́pàá kò ní mú un rìn. Ọwọ́ kan ń tú ohun tí ọwọ́ kejì so.

Ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ tí a yọ kúrò

Àwọn olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn lẹ́yìn àwọn oníṣègùn. Association for Reproductive and Family Health, àjọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ladipo àti Grace Delano dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1989, bá ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe iṣẹ́ láti mú ẹ̀kọ́ ìgbáradì fún ìgbé ayé wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún kan náà ni Action Health Incorporated bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Irú àwọn àjọ báyìí wà lára àwọn tí ó mú kí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ ní 1999. Kí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù náà tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́, a ní láti yọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Ní 2003 ó di ẹ̀kọ́ ìgbé ayé ẹbí àti HIV. Ní oṣù Kọkànlá 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, tún pàṣẹ pé kí a yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀.

Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ nìkan tó láti ti ilẹ̀kùn. Ó sì fi iṣẹ́ kan lé àwọn olùkọ́ Yorùbá lọ́wọ́. Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, fi hàn pé a lè jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ lórí HIV ní èdè Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Àkójọ nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé, tí olùkọ́ kò lò ní kíláàsì, kò tíì di ọ̀rọ̀.

Tẹ̀dé gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n

Tẹ̀dé ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò, ọ̀kan nínú mẹ́wàá tí ó wà ní Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Iṣu àti àwọn ọjà oko mìíràn ń gba ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, igbó àìró ìjọba tí ó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé sì ní ẹ̀ka kan tí ń jẹ́ orúkọ ìlú náà. Ṣakí kò jìnnà sí i, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ sì wà lẹ́yìn Ṣakí. Ní àwọn ọdún 1990, I. O. Ọ̀rúbùlóyè àti àwọn Caldwell ṣe ìwádìí lórí àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn àti àwọn obìnrin tí ń kiri ọjà ní gáréèjì ní ilẹ̀ wa. Wọ́n fi yé wa pé ojú títì ni ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ń tọ̀, kì í dúró sí ìgboro.

Ní Ìbàdàn, obìnrin lè kúrò ní Ẹkọ́tẹ̀do lọ ṣe àyẹ̀wò níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ní ìlú tí ó tó Tẹ̀dé, kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni. Ẹni tí ó ń kọ orúkọ sílẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà. Ọ̀rọ̀ kan tí a bá sọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lè dé ọjà kí aláìsàn tó délé. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kó àrùn ràn, ọmọbìnrin tí ọkùnrin kan tàn jẹ, àti ẹni tí ń ṣòwò nàbì ní tòótọ́, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọn yóò gbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé aṣẹ́wó ni a ń pe ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé, kò sí èyí tí yóò wá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbogbo ilé, kì í ṣe ilé aṣẹ́wó nìkan.

Àṣà wa ti ní ohun tí a lè fi tún un ṣe. Yorùbá ní *ẹ* ọ̀wọ̀. Ó ní ìyá, ẹ̀gbọ́n, àǹtí àti àbúrò. Nọ́ọ̀sì tí ó bá wí pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà wo ni ẹ ṣe àyẹ̀wò gbẹ̀yìn? Ṣé ẹ máa ń lo rọ́bà?" ti béèrè ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí ó mọ̀. Kò dárúkọ iṣẹ́ kankan, kò sì parọ́. Kì í ṣe àdàpè ni ó ṣe. Ohun tí kò kan àyẹ̀wò ni ó fi sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé láti ìgbà Sẹ̀gilọlá ni àwùjọ wa ti ń fi obìnrin aṣẹ́wó ṣe ìwé kíkà, tí a kì í sábà béèrè ohun tí òun náà ní í sọ. Ìjọba amúnisìn àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Èkó tẹ̀ lé ipasẹ̀ yìí. Nígbà tí HIV dé, orúkọ tí a fún àrùn náà kọ́kọ́ ṣèrànwọ́, lẹ́yìn náà ó di ẹrù. Ìlànà ẹgbẹ́-kọ́-ẹgbẹ́ ni ó sún mọ́ òwe wa jù, nítorí pé olórí jókòó.

Ìjókòó náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró lójijì, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje sì ni àjọ USAID kógbá sílé. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù ní oṣù Kejì ọdún náà láti fi ra oògùn HIV. Èyí dára. Ṣùgbọ́n oògùn ni owó náà rà. Kò ra ẹnu tí yóò pe obìnrin wá gbà á. Níbi tí owó àwọn àlejò bá ti ń dín kù, àwọn tí ó kù nílé ni LACA ní ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ọ̀sì, àti olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni a ó rán lọ sí irú ìlú bíi Tẹ̀dé lọ́la. Ọmọ kíláàsì kan yóò dìde, yóò bi wọ́n pé kí ni kògbóògùn. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún un ni yóò mú délé.